Ta Ló Ní Kí Ẹ Bá Mi Wọn Ọmọ Mi?

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé inú Ìyá Áyọ́ọ̀nù kì í pẹ́ ru. Bí omi ẹ̀rọ bá dá láàárọ̀, á bínú. Bí oníbàárà bá fa aṣọ yọ lórí okùn kó tó gbẹ, á bínú. Ṣùgbọ́n ìbínú ọ̀hún dà bí ìfófòó ọṣẹ ni: á hó, á kún dé ọrùn garawa, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, ó ti rọlẹ̀, obìnrin náà á sì máa kọrin. Ìbínú tí ìtàn yìí dá lé lórí kò rọlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń kérora bí ẹni tí eyín ń dùn, èkejì kì í da omi rẹ̀ jáde àfi bí wọ́n bá fi orúnkún ta á. Tábìlì ìlọṣọ gùn láti ògiri dé ògiri. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń ti áyọ́ọ̀nù lọ, tó ń tì í bọ̀ lórí tábìlì yẹn, débi pé apá rẹ̀ ọ̀tún ti nípọn ju tòsì lọ. Bí ó bá wọ aṣọ ẹlòmíràn, apá ọ̀tún ni ó ti kọ́kọ́ máa ń fún un.

Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: aṣọ kankan kì í wọ omi lọ́wọ́ rẹ̀ kó má kọ́kọ́ yẹ àpò rẹ̀ wò. Ó ti rí kọ́kọ́rọ́, ó ti rí bírò tí ì bá ba aṣọ ogún ènìyàn jẹ́, ó ti rí odidi eyín àtọwọ́ṣe bàbá arúgbó kan. Ohun tó bá rí, á fi sínú àpòòwé, á kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i, á sì dá a padà. Kì í kà á. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá gbé aṣọ rẹ̀ fúnni ti gbé ìhòòhò rẹ̀ fúnni. Ojú ẹni gbọ́dọ̀ fọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí."

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kì í gbé ohùn sókè. Bí ó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ òun nínú ariwo ẹ̀rọ, á dìde lọ bá a, á sọ ọ́ sí i létí. Ìṣirò ni ọmọ náà fẹ́ràn. Ó fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá. Láti kékeré ló ti máa ń dúró sórí afárá tó wà nítòsí ọjà, tí á máa béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí kò wó. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ pé ilé ló ń kùn, kò mọ ìdáhùn. Á kàn ní, "Àwọn tó kọ́ ọ ló mọ̀."

Yunifásítì kan wà ní ìlú náà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Òkè. Orí òkè ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìyẹn nìkan ni wọ́n ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú ogún ọmọ tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ọ̀kan ni wọ́n ń ṣí i fún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé àwọn tíṣà á kọ máàkì tí wọ́n retí pé ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbà nínú ìdánwò àṣejáde. Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ni yóò kó máàkì náà jọ, tí yóò fi í ránṣẹ́ sí Òkè. Ọmọ tí tirẹ̀ bá tó márùndínláàádọ́rùn-ún, Òkè á pè é wá ṣe ìdánwò ìwọlé. Ẹni tí kò bá tó o, kò sí ẹni tí yóò pè é, ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ parí sí nìyẹn.

Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé Jẹ́jẹ́ jẹ́ ọkùnrin kan tó mọ aṣọ wọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é ní Òṣùwọ̀n nítorí pé bí ó bá ń wo ọmọ, ṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń wọn ẹrù. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń gbé aṣọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Ó máa ń kí i dáadáa. Ó tilẹ̀ máa ń béèrè pé, "Ọmọ wa ńkọ́?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ó gbé ṣòkòtò mẹ́ta àti kóòtù kan wá. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ki ọwọ́ bọ àpò inú kóòtù, ó fa bébà kan jáde, ó ti ṣẹ́ sí mẹ́rin. Ó fẹ́ fi sínú àpòòwé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń tún un ṣẹ́ ni ojú rẹ̀ bá orúkọ ọmọ rẹ̀. Kò sí ìyá tí yóò rí orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú àpò ọkùnrin tí yóò gbójú kúrò.

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òpó mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ọmọ wà nínú ti àkọ́kọ́. Nínú èkejì, wọ́n kọ "Ti tíṣà." Nínú ẹ̀kẹta, "Tí a fi ránṣẹ́." Nínú ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ òbí. Ó fi ìka tọ́ ìlà ọmọ rẹ̀ lọ. Ti tíṣà: mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Tí a fi ránṣẹ́: méjìdínlọ́gọ́rin. Iṣẹ́ òbí: alágbàfọ̀.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rò pé òun ló ṣì í kà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti àwọn yòókù. Ọmọ awakọ̀: wọ́n gé e. Ọmọ bíríkìlà: wọ́n gé e. Ọmọ obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba: wọ́n gé e. Àwọn tí wọ́n gé jẹ́ mẹ́sàn-án. Ó wá dé orí ọmọ dókítà eyín kan. Ọgọ́rin ni tíṣà fún un. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Áyọ́ọ̀nù ti jó àpá sára aṣọ ìbùsùn ẹlòmíràn kí obìnrin náà tó gbóòórùn rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò jó aṣọ oníbàárà rí.

Ó mú ìwé kékeré tó fi ń kọ orúkọ oníbàárà, ó da gbogbo ìlà mẹ́sàn-án náà kọ, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì gba ilé lọ. Ọwọ́ ọ̀sán ni. Jẹ́jẹ́ ti dé láti ilé-ìwé, ó ń fọ abọ́.

"Jókòó," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà jókòó. Ìyá fi bébà hàn án. Jẹ́jẹ́ wò ó, kò pariwo, kò ká ọwọ́ lérí. Ó tún wo abọ́ tó ń fọ̀.

"Mo mọ̀, màámi."

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé wọ́n dín in kù. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní àǹfààní mi ní Òkè kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, pé ó sàn kí n mú ibòmíràn, kí ọkàn mi má baà bàjẹ́."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́. Wọ́n mọ irú ọmọ tó ń wọlé." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sí i. "Bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ."

Ohun tó dun Ìyá Áyọ́ọ̀nù jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Kì í ṣe máàkì mẹ́tàlá tí wọ́n gé. Máàkì ṣeé kọ padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń béèrè ìdí tí afárá kò fi wó ti jókòó ní iwájú òun, ó ń gbè lẹ́yìn ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbá garawa kan tó ṣófo nípàá, garawa náà fò, ó sì fọ́.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀dà funfun ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìjókòó. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, rọra. Ọmọ wa ṣì wà lábẹ́ ọwọ́ wọn. Bí o bá lọ bú wọn, tí wọ́n bá tún gé e sí i ńkọ́? Ìwé àpò ènìyàn sì ni o kà. Wọ́n lè sọ pé o jalè."

"Ẹ gbọ́, Bàbá Jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá kun ilé kan tán, tó dán gbinrin, tí ẹnì kan wá da ẹrẹ̀ sí i lára nítorí pé onílé náà kì í ṣe ọlọ́rọ̀, ṣé ẹ ó máa rọra?"

Ọkùnrin náà ń fi èékánná ha ọ̀dà kúrò lára ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Aago mélòó ni wọ́n ń ṣí ilé-ìwé?"

"Méjọ."

"Màá bá ọ lọ dé ẹnu ọ̀nà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bá obìnrin náà lọ dé ẹnu ọ̀nà lóòótọ́, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Áyọ́ọ̀nù nìkan ló wọlé. Òṣùwọ̀n wà nídìí tábìlì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé aṣọ mi ti gbẹ?"

"Aṣọ yín ò tíì wọ omi. Èyí ni mo kọ́kọ́ rí." Ó gbé bébà náà sórí tábìlì. Kò sí ìwúnjọ kankan lára rẹ̀. "Mo ti bá yín lọ̀ ọ́."

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ẹ tú àpò mi! Ìwé ilé-ìwé ni ẹ kà! Ẹ mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

"Àpò yín wà lára aṣọ yín, aṣọ yín wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀yin lẹ sì gbé e wá. Bí ẹ bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, ẹ pè é. Ẹ jẹ́ ká jọ kà á fún un."

Òṣùwọ̀n rí i pé ọ̀nà yẹn kò gbà. Ó sọ ohùn rẹ̀ di ti ẹni tó ń ṣàánú. "Ẹ jókòó, mà. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ díẹ̀. Òkè ń wo àkọsílẹ̀ wa. Bí a bá rán ogún ọmọ, tí méjì péré bá yege, lọ́dún tó ń bọ̀ wọn ò ní ka máàkì wa sí mọ́. Nítorí náà, àwọn tó dá wa lójú là ń rán."

"Kí ni ò dá yín lójú lára tèmi?"

"A máa ń wo nǹkan púpọ̀. Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí ọmọ ti kàwé débẹ̀ rí? Ṣé ó ní olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọ nílé? Ṣé ó ní yàrá tirẹ̀ tó ti ń kàwé? Mi ò fẹ́ kí ọmọ yín lọ já kulẹ̀ ni. Àánú ló mú mi ṣe é."

"Àánú!" Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi gbígbóná. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fọ ṣòkòtò yín. Mo mọ èyí tó ti ya nídìí, mo mọ èyí tí ẹ da ọbẹ̀ sí. Ṣé mo kọ ọ́ sórí bébà rí pé ọkùnrin yìí, pẹ̀lú irú ìdí ṣòkòtò báyìí, kò lè jẹ́ olùdámọ̀ràn? Ṣé mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó gbà yín síṣẹ́? Tíṣà kọ́ ọmọ mi, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fún un ní mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ẹ̀yin ò kọ́ ọ ní ọjọ́ kan. Iṣẹ́ mi lẹ wò, ẹ fi gé e. Ta ló ní kí ẹ bá mi wọn ọmọ mi?"

Ohùn rẹ̀ ti kọjá ògiri. Àwọn ọmọ ti ń yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà, obìnrin kan tó máa ń fi okùn so awò ojú kọ́rùn, wọlé láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó gbé bébà náà, ó gbé awò sójú, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n pe tíṣà ìṣirò wá.

Bàbá arúgbó tó ku oṣù díẹ̀ péré kó fẹ̀yìn tì ni tíṣà náà. Ó gbé ìwé máàkì rẹ̀ wá, ó ṣí i, ó fi í wé bébà náà. Ó fi ìka lé méjìdínlọ́gọ́rin.

"Bírò mi kọ́ nìyí," ni ó wí. "Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni mo kọ. Kódà mo rò ó dáadáa kí n má baà fún un jù. Ta ló fọwọ́ kàn án?" Ó kọjú sí Òṣùwọ̀n. "Ọdún mélòó lo ti ń ṣe èyí sí máàkì mi?"

Ọ̀gá àgbà tẹ Òkè láago lójú gbogbo wọn. Wọ́n fi í sílẹ̀ lórí fóònù pẹ̀lú orin fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ẹnì kan dáhùn, ìdáhùn náà kò gùn: wọ́n ti pa ìwé ìpè dé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Wọn kì í ṣí i padà fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan ló kù, ìyẹn ìdánwò gbogboogbò fún àwọn tí kò ní ilé-ìwé tó rán wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i ni yóò wáyé. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn tí wọ́n pè ti nílò ọgọ́rin, méjìdínláàádọ́rùn-ún ni àwọn tó gba ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ gbà.

"Ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni yóò tún fò jù," ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù wí.

Ọ̀gá àgbà ní, "Ẹ má bínú, mà."

"Mo máa bínú, mà. Ẹ jẹ́ kí n bínú o. Iṣẹ́ tó kù fún mi nìyẹn."

Nígbà tí ó dé ilé tó ròyìn rẹ̀, Jẹ́jẹ́ tẹ́tí gbọ́ dópin. Nígbà tí ìyá rẹ̀ mẹ́nu kan tíṣà ìṣirò, pé ó ní mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni òun kọ, ojú ọmọ náà kún fún omi. Ó nu ojú nù, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ má dá nìkan bínú mọ́. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀." Ó dìde, ó lọ kó ìwé rẹ̀.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù kò jókòó ti ọmọ tirẹ̀ nìkan. Orúkọ mẹ́jọ yòókù ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Jẹ́jẹ́ ló sọ ilé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún un. Bí ó bá ti ṣíwọ́ lọ́sàn-án, á gbéra. Bíríkìlà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó ní kí ọmọ òun lọ gba fọ́ọ̀mù lójú ẹsẹ̀. Obìnrin agbálẹ̀ sunkún, kì í ṣe nítorí ìrẹ́jẹ náà, bí kò ṣe nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti bá ọmọ òun wí pé kò kàwé tó. Ṣùgbọ́n awakọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kó wọlé.

"Ẹni tó ní ọmọ mi ò lè ṣe é ló kàwé," ni ó wí. "Ìwọ tí o kò kàwé lo wá ń sọ pé ó lè ṣe é. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

"Tíṣà tó fún un ní máàkì ni kí ẹ gbà gbọ́!"

"Má da ilé mi rú, ìyá yìí."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Áyọ́ọ̀nù dúró níbẹ̀, ó ń wo igi ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ bú u, ó sì rí i pé kì í ṣe ọkùnrin náà ló yẹ kí òun bú. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún tipẹ́ pé kò tó, á máa bá wọn sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀.

Nínú mẹ́sàn-án, márùn-ún ló lọ ṣe ìdánwò náà. Gbọ̀ngàn ńlá ni, àga dúró ní ìlà bí aṣọ lórí okùn. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n lò. Àwọn òbí jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ jáde, ìyá rẹ̀ bi í pé báwo ni. Ó ní, "Ó le. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló le fún."

Èsì dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Jẹ́jẹ́ gba àádọ́rùn-ún. Ọmọ bíríkìlà gba mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Àwọn méjèèjì wọlé. Méjì nínú àwọn mẹ́ta tó kù já kulẹ̀ pátápátá. Ọmọ obìnrin agbálẹ̀ gba mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.

Máàkì kan ṣoṣo! Bí wọ́n bá ti fi máàkì tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọgọ́rin ló nílò, méje ni ì bá fi lé e. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń ya wá sí ṣọ́ọ̀bù láti bá Ìyá Áyọ́ọ̀nù yọ̀, ṣe ló ń ti áyọ́ọ̀nù lọ tó ń tì í bọ̀ bíi pé aṣọ náà ló ṣẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó gbá a mọ́ra títí ọmọ náà fi ní òun ò lè mí mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kan sọ pé, "Ọmọ rẹ wọlé, kí ló tún kù?" ó dáhùn pé, "Méje ló kù."

Wọn kò lé Òṣùwọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kàn yọ ọ́ kúrò nídìí máàkì, wọ́n ní kó máa bójú tó ìwé àti àga. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, ilé-ìwé gbé pátákó kan síta, wọ́n kọ orúkọ Jẹ́jẹ́ àti ti ọmọ bíríkìlà sí i gàdàgbà, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ìtọ́sọ́nà àwọn olùdámọ̀ràn ilé-ìwé ló gbé wọn débẹ̀. Ìyá Áyọ́ọ̀nù kà á láti òdìkejì ọ̀nà. Kò gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi gbé àkàbà wá, tí wọ́n fi ọ̀dà pa ìlà ìsàlẹ̀ rẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló kùn ún. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kó má baà hàn.

Ọ̀gá àgbà náà sì fi òfin tuntun kan lélẹ̀: kí máàkì ọmọ kankan tó kúrò nílé-ìwé, òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá rí i, kó fọwọ́ sí i. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pe ìpàdé náà. Ìyá Áyọ́ọ̀nù kò ní ọmọ níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá pé, á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á mú bírò, á lọ jókòó sí iwájú pátápátá, á máa ran àwọn òbí tí ojú wọn kò ríran dáadáa lọ́wọ́ láti ka ìlà wọn. Lọ́dún tó kọjá, olùṣọ́nà tuntun dá a dúró lẹ́nu géètì.

"Ìyá, ta ni ọmọ yín níbí?"

"Ṣílẹ̀kùn," ni ó wí, "mo ti pẹ́."